Wọ́n Ní Kò Sí Irú Ẹ̀ Nínú Ìdílé Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń hó nínú mi láti ìgbà òtútù tó kọjá, mo sì ti pinnu pé lónìí ni n ó tú u síta. Bí ohùn mi bá le létí yín, ẹ má bínú. Ìbínú ti tó mi fún gbogbo wa!

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ mi wà láàyè. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń kọrin, orin náà ò sì dùn rárá. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí a ti ń bọ̀ á mọ̀ pé kò sí orin tó dùn tó o.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni ìyá Ìníolúwa. Mariners Harbor ni a ń gbé, ní Staten Island. Mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Manhattan, ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú wa. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí láti kékeré. Inú Bíbélì àti ìwé orin ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ ọ fún ọmọ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ìní. Ibí ni wọ́n bí i sí, nítorí náà Yorùbá rẹ̀ tẹ́ bí ilẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, òun ni àwọn àgbà ìjọ máa ń fẹ́ kó ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ọjọ́ Ìsinmi. Wọn á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn á ní, "Ọmọ òyìnbó wa, máa kà á lọ!" Ìní á sì rẹ́rìn-ín padà. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Ó kọ́kọ́ ní orúnkún ń dun òun. Lẹ́yìn náà, ọrùn ọwọ́. Ibà á dé, ibà á lọ. Irun rẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí. Pupa kan tàn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan dé èkejì, ó gba orí imú kọjá. Mo rò pé àwọn ìpara tó ń rà lórí fóònù ni. Mo gbé e lọ sí clinic kan nítòsí, ọ̀dọ́kùnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó ń dàgbà ni, pé egungun máa ń dun àwọn ọmọ tó bá ń ga. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí kò ga sí i láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn!

Lẹ́yìn èyí ni ìwà rẹ̀ yí padà. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí Màmá ní gbogbo àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀kùn dá wọn lóhùn. Ó ń sunkún láìnídìí. Ìṣirò tó máa ń ṣe bí ẹni ń mumi di ohun tó ń wò ràn-ìn. Tíṣà rẹ̀ pè mí, ó ní Ìní kì í gbọ́ mọ́ bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ṣé mo mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni tíṣà yẹn ń sọ?

Ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n pe Ìní kó wá ka ẹ̀kọ́ kíkà. Sáàmù kan tó mọ̀ lórí ni. Ó dé iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé àárín, ó dákẹ́. A rò pé ọ̀rọ̀ kan ló há a lẹ́nu, àwọn àgbà sì ń gbà á níyànjú. Kò wo ìwé mọ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń wò. Ló bá fi òyìnbó béèrè pé ta ló ń pe òun. Kò sẹ́ni tó pè é! Ó tún béèrè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pariwo, ó ní kí gbogbo wa yé sọ̀rọ̀ sí òun létí, ó ju máíìkì sílẹ̀, ó sì sá bọ́ sábẹ́ àga bí ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo dé ibẹ̀ kí máíìkì yẹn tó dákẹ́ ariwo. Bí mo ṣe dì í mú, mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi.

"Fóònù ni. Mo ti sọ ọ́, fóònù ni!"

"Fóònù wo? Igbó ni. Ẹ wo ojú ẹ̀."

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa gbàdúrà. Kì í ṣe ojú lásán lèyí."

"Bí wọ́n bá ti nà án dáadáa nígbà tó wà ní kékeré..."

Inú ilé Ọlọ́run! Níwájú ọmọ! Mo yíjú padà, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ wá bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run wa nìkan ló ṣe bí èèyàn. Ó bọ́ aṣọ ìsìn rẹ̀, ó ní àdúrà kò dí ọ̀nà ọsibítù, ó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé wa lọ. Ọlọ́run á gbé òun náà dé ibi tó ń lọ.

Ní ọsibítù náà, wọ́n gba ìtọ̀ Ìní. Ẹ mọ ohun tí wọ́n wá nínú rẹ̀? Igbó! Igbó nìkan ni wọ́n wá. Wọ́n rí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń pariwo, wọ́n sì ti mọ ohun tó ṣe é kí wọ́n tó bi í ní orúkọ. Nígbà tí wọn ò rí igbó, wọ́n da ìtọ̀ náà nù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn sọ́kàn o, mò ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Dókítà kan wá jókòó tì wá. Ó ní ṣé ẹnì kan wà nínú ìdílé wa tí irú èyí ti ṣe rí, àìsàn ọpọlọ, tàbí àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà? Ọkọ mi ní rárá. Èmi náà ronú lórí ìdílé tèmi, mo ní rárá. Màmá béèrè ohun tó ń sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Hàáà! Màmá ká ọwọ́ lérí.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé wa! Sọ fún un pé ilé tó mọ́ ni a ti wá."

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Dókítà mi orí, ó fún wa ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó ní ká máa lọ bá therapist, ẹni tó máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dà á lọ́kàn rú. Appointment tí wọ́n fún wa jìnnà débi pé yìnyín á ti bọ́, á sì ti yọ́ kó tó kàn wá.

Oògùn náà kò ṣe nǹkan kan. Ohùn tó ń pe Ìní kò dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ó ń pè mí ní orúkọ tí kì í ṣe tèmi. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Màmá tí n kò lè kọ síbí, Màmá sì sunkún.

Nígbà náà ni Màmá àti ọkọ mi mú ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ẹ̀yin òbí tó wà nílùú yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé."

Oògùn wa nìyẹn! Bí ọmọ bá yájú, ẹ gbé e lọ sílé. Bí kò bá kàwé, ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ fi í sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi agogo jí wọn, tí wọ́n ń fọ aṣọ fúnra wọn, á padà wá pẹ̀lú "yes sir, yes ma." Màmá ti bá ilé ìwé kan sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ọkọ mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní mélòó nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ni wọ́n gbé lọ tí wọn ò padà wá di èèyàn?

Mo ní ọmọ mi kì í ṣe aláìgbọràn, ara rẹ̀ ni kò yá. Wọ́n ní èmi ni mò ń kẹ́ ẹ bàjẹ́. Mo jà títí, ẹnu mi bó. Wọ́n sọ fún mi pé obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tremont, ní Bronx, ń lọ sílé lọ́sẹ̀ náà, pé òun ni yóò mú Ìní dání nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ká kàn mú ọmọ náà lọ bá a ní ọjọ́ Sátidé kó lè mọ̀ ọ́n, ká sì gbé àpótí rẹ̀ dání.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jáde lọ́jọ́ Sátidé yẹn, èmi, Màmá, Ìní, àti àpótí. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. A wọ bọ́ọ̀sì dé St. George, a wọ fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn dé Manhattan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí àyà mi ṣe rí. Mò ń fa àpótí ọmọ mi bí ẹni ń fa pósí.

Ariwo inú fẹ́rì kò bá Ìní lára mu, ló bá jáde síta, ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gé èèyàn bí abẹ. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní wọ́n ń há òun lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó wọlé. Nígbà tó jókòó sáàárín èmi àti Màmá, mo rí ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn ìka náà ti funfun! Kì í ṣe pé wọ́n ṣá, wọ́n funfun bí ẹfun láti orí dé ìdajì, àfi bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ti kúrò nínú wọn pátápátá. Bí a ṣe ń wò wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí di àwọ̀ aró. Ìní kàn ń wò wọ́n bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó ní wọ́n ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, pé òun rò pé bí òtútù ṣe máa ń mú gbogbo èèyàn nìyẹn.

Màmá gba ọwọ́ náà kí wọ́n lè fi tiwọn pa á. Wọ́n fi pa á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ìka yẹn, wọ́n wo pupa tó wà lójú ọmọ náà.

"Bọ́lá," ni wọ́n wí. "Yéè! Bọ́lánlé mi."

Mo ní, "Màmá, ta ni Bọ́lánlé?"

"Kò sí."

"Màmá. Ta ni ń jẹ́ Bọ́lánlé?"

Àwọn àlejò tó yí wa ká ń ti ara wọn lọ sójú fèrèsé kí wọ́n lè ya fọ́tò ère Òmìnira tó wà láàárín omi. Láàárín gbogbo ìyẹn ni ìyá ọkọ mi ti bo ojú wọn, tí wọ́n sì sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé wọn.

Wọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣáájú ọkọ mi. Bọ́lánlé. Olórí pípé ni, ilé ìwé gíga àwọn obìnrin ló wà. Nígbà tó tó bí Ìní, oríkèé ara bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè gún nǹkan nínú odó mọ́. Pupa kan jáde sí i lójú. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ láàárọ̀, ìka rẹ̀ á funfun, wọn á wá di bíi aró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kó má bàa sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Ibẹ̀ ló kú sí.

Wọ́n sin ín kíá. Wọ́n sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé ibà ni. Wọn ò sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó yẹ kí n sunkún. Ó yẹ kí n di àgbà obìnrin yẹn mú. N kò ṣe é! Ìbínú ló gbé mi dìde.

Mo ní, "Màmá, dókítà bi yín! Ó jókòó síwájú yín, ó bi yín!"

"Ó bi mí bóyá wèrè wà nínú ìdílé wa!" Wọ́n gbójú sókè, ẹ ò rí i bí ìbínú tiwọn náà ṣe pọ̀ tó! "Ọmọ mi kì í ṣe wèrè! Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, wọ́n dè é lójú mi. Kí n tún wá fẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú òyìnbó?"

"Ẹ ò bá ti sọ fún èmi!"

"Fún ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí àǹtí yín wá láti ilé yín kí a tó ṣègbéyàwó, tí wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wa, pé ṣé kò sí àrùn ọpọlọ nílé yìí? Ṣé wọ́n á gbé ọ fún Ṣẹ́gun ọmọ mi bí mo bá sọ ọ́? Ẹ̀yin lẹ bi wá! Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni a sọ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àǹtí mi lọ. Gbogbo wa la máa ń rán ẹnì kan lọ ṣe ìwádìí, àbí irọ́ ni mo pa? Kì í ṣe ká lè mọ bí a ó ṣe tọ́jú ọmọ tí a ó bí. Ká lè mọ ẹni tí a ó sá fún ni! A wá fi bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ìdílé ní irọ́ pípa, irọ́ náà sì jókòó sí ilé kálukú, ó ń dúró de àwọn ọmọ-ọmọ wa.

Ìní ló fa aṣọ mi. Ó ní, "Mọ́mì, ta ni Bọ́lánlé? Ṣé ó ń gbọ́ wọn bíi tèmi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Nígbà náà, èmi nìkan kọ́." Ẹ wo bí ejìká ọmọ náà ṣe wálẹ̀! Ọ̀pọ̀ oṣù ló ti rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣe rí láyé.

Fẹ́rì gúnlẹ̀ sí Manhattan. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn jókòó sínú rẹ̀, gbogbo wa gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, mo fa àpótí yẹn yípo inú ilé ìdúró, mo sì tún tò sórí ìlà láti wọ fẹ́rì náà padà. Màmá ń tẹ̀ lé mi.

Ọkọ mi pè, ó ní ṣé a ti dé Tremont, obìnrin yẹn ń dúró dè wá. Mo ní a ń padà sílé. Ó ní ṣé orí mi pé? Mo ní kó bi ìyá rẹ̀ ní ohun tó pa Bọ́lánlé.

Ó ní, "Àǹtí Bọ́lá? Tí ibà pa?"

Mo ní, "Ibà kọ́."

Ní ti ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ó pè mí láti sọ fún mi pé àwọn ìyá òde òní ló ń bẹ̀rù ọmọ tí wọ́n bí. Mo dá a lóhùn pé kó gbé àpótí tirẹ̀ lọ sílé, kó fi tèmi sílẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí, mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Mi ò padà sí clinic tó ní ọmọ mi ń ga. Dókítà obìnrin kan tó ti tọ́jú Ìní láti ìkókó ni mo wá lọ bá, kò gba inṣọ́ránsì tuntun tí ibi iṣẹ́ ọkọ mi fún wa, ìdí nìyẹn tí a fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní n ó san án bí mo ṣe lè san án. Mo wá to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, orúnkún, ibà, irun, pupa ojú, ìka lórí fẹ́rì, ohùn tó ń pè é. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní irú ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó sì ṣe kú nìyí.

Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ ojú Ìní wò, ó yẹ ìka rẹ̀ wò. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó sì gba ìtọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe igbó ló ń wá. Bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe rí ló ń wá nínú rẹ̀, ó sì rí i pé kíndìnrín náà ti ń jò. Ohun tó wà nínú ìtọ̀ tí wọ́n dà nù nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wò ó! Ó ní ká má lọ sílé, ká gba ọsibítù ńlá lọ tààrà.

Lupus ni. Ó sì ti dé ọpọlọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí dókítà ibẹ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, kí èmi náà sì fi ọ̀rọ̀ tiwa kún un. Ọlọ́run fi àwọn ọlọ́dẹ sínú ara kálukú wa tó ń bá àìsàn jà. Bí wọ́n bá ń jà, ibi tí wọ́n ti ń jà á gbóná, á wú, á pọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀, bí olè bá wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ara ẹlòmíràn, ọlọ́dẹ á ṣìnà, á máa na àwọn ọmọ onílé. Á na oríkèé, á na kíndìnrín. Bó bá wá dé ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún un, ìrònú ọmọ á yí padà, ìbẹ̀rù á dé, ìbínú á dé, etí á máa gbọ́ ohun tí kò sí. A ó wá máa pè é ní ọmọ burúkú.

Dókítà náà ní kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá rẹ̀wẹ̀sì ló ní irú àìsàn yìí, pé ọ̀pọ̀ ni ìbànújẹ́ wọn wá láti ibòmíràn, tí therapist àti oògùn sì ń ràn lọ́wọ́. Ó ní kì í sì í ṣe nínú gbogbo ìdílé ló ti máa ń mú ju ẹnì kan lọ. Ṣùgbọ́n ó ní bí ìwà ọmọ bá ṣàdédé yí padà, tí ara rẹ̀ náà sì ń pariwo, kí ẹnikẹ́ni má yẹ orí wò kó fi ara sílẹ̀. Yàrá méjì nínú ilé kan ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá ń jó, èéfín á dé èkejì.

Àwọn baba wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. A mọ òwe náà lórí. Ẹ wo ohun tí a ṣe!

Oògùn tí wọ́n fún un le. Ojú rẹ̀ wú rìbìtì, ó sì sunkún nítorí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó tì í ní ọsibítù, mò ń ká aṣọ. Ó ṣí ojú, ó wo òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Láti ibi tó ti dákẹ́ ní iwájú ìjọ ló ti bẹ̀rẹ̀! Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bó ṣe máa ń tẹ́. Ó kà á parí. Mo dojúbolẹ̀ sórí aṣọ yẹn.

Ọkọ mi náà sunkún, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀, kò sì tan iná rẹ̀.

Màmá ńkọ́? Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo ṣì ń bínú sí wọn. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ń gba Àdúrà Olúwa, bí a bá dé ibi ìdáríjì, ohùn mi máa ń kéré. Ọlọ́run mọ̀. Mò ń dé ibẹ̀, mi ò tíì dé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì tuntun kan tún béèrè ìbéèrè yẹn, pé ta ló ti ní irú rẹ̀ nínú ìdílé wa. Ọkọ mi fẹ́ dáhùn. Màmá ti dá a lọ́wọ́ kọ́. Wọ́n ti gbọ́ ìbéèrè náà tó ìgbà tí wọn ò nílò ìtumọ̀ mọ́. Wọ́n fi òyìnbó tiwọn sọ ọ́, wọ́n ní, "My daughter. Bọ́lánlé."

Nọ́ọ̀sì béèrè pé kí ni wọ́n sọ pé ó ṣe é. Màmá yíjú sí Ìní, wọ́n ní kó bá àwọn túmọ̀ rẹ̀.

"Sọ fún un pé a ò mọ̀. A ò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè sọ fún wa."

Ìní di ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà mú, ó sì túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju èyí lọ. Bí ọmọ yín bá yí padà lójijì, ẹ má kọ́kọ́ wá tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo orúnkún rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo ìka rẹ̀. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí dókítà bá lé yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Kí ẹ sì lọ bá àwọn àgbà yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ má bi wọ́n bóyá wèrè wà nínú ìdílé. Ẹ ti mọ ìdáhùn tí ẹ máa gbà. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ọmọ tí wọn kì í dárúkọ. Ẹ bi wọ́n bí ara rẹ̀ ṣe rí kó tó kú.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti rí irú èyí nínú ilé rẹ̀, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. N ó ka gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wá síbí láti sọ fún mi pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ ní sísọ síta, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, irú yín ni mo kọ ọ́ fún.

Ta ni wọn kì í dárúkọ nílé yín? Èmi ti dárúkọ tiwa. Bọ́lánlé ló ń jẹ́. Kì í ṣe wèrè. Ara rẹ̀ ni kò yá.